Ẹmu, Wáìnì àti Ọgbọ́n Ìtọ́wò

ÌFÁÀRÀ

Ẹni tí ó bá gba ojú ọ̀nà Ìkòròdú ní kùtùkùtù òwúrọ̀, tí ó kọjá Kétu tí ó sì dé Mile 12, yóò rí ọjà tí àkókò jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀. Tòmátò, ata àti àlùbọ́sà tí ọkọ̀ ńlá kó wá láti Òkè Ọya ni à ń já sílẹ̀ ní Mile 12. Ní ìhà Kétu àti Ìkòsì, èso ni: ọsàn, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ìbẹ́pẹ. Ohun tí ó so àwọn ọjà wọ̀nyí pọ̀ ni pé wọn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tòmátò tí a kò bá rí tà lónìí, owó rẹ̀ yóò já wálẹ̀ lọ́la. Bí ó bá di ọ̀túnla, ààtàn ni ibùsùn rẹ̀. Nítorí náà ni ojú àwọn oníṣòwò Kòsọ́fẹ́ fi mú. Wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ èso, wọ́n ń gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n ń tọ́ ọ wò, kí wọ́n tó dá iye lé e.

Nínú gbogbo ohun tí kì í dúró, ẹmu ni olórí. Tòmátò lè fara da ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹmu tí a gbé sọ̀kalẹ̀ ní àárọ̀ kì í ṣe ẹmu kan náà mọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Síbẹ̀, bí a bá sọ̀rọ̀ lónìí nípa ọtí tí ó yẹ kí ọ̀mọ̀ràn jókòó tì kí ó sì tọ́ wò, wáìnì ilẹ̀ òkèèrè ni ó ń wá sí wa lọ́kàn. Ilé-ẹ̀kọ́ wà lókè òkun tí a ti ń kọ́ bí a ṣe ń tọ́ wáìnì wò, a sì ń gba ìwé-ẹ̀rí níbẹ̀. Ẹmu, ní tirẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ńlá ń pè ní ọtí ará oko.

Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí? Èsì tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé wáìnì dára ju ẹmu lọ. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìtàn kò gbe èsì náà lẹ́sẹ̀. Kì í ṣe ahọ́n ni ó pín ipò fún ọtí méjèèjì, ìgò ni.

ÌTỌ́WÒ NÍNÚ ÈDÈ ÀTI ÀṢÀ YORÙBÁ

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni ó wà nínú *tọ́ wò*: a fi ahọ́n tọ́ nǹkan, a sì fi òye wò ó. Ẹni tí ó tọ́ ọtí wò kò tíì mu ọtí. Ìdájọ́ ni ó ń ṣe. Yorùbá ya *títọ́wò* sọ́tọ̀ kúrò lára *mímu*, ó sì ya *mímu* sọ́tọ̀ kúrò lára *mímuyó*. Ìpele mẹ́ta ni wọ̀nyí, ẹni tí ó bá sì dà wọ́n pọ̀ kò mọ ọtí.

Bákan náà ni èdè wa kò pe gbogbo ọtí ní orúkọ kan. Ọtí àgbàdo ni ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ọtí ọkà bàbà ni bùrùkùtù tí ó ti Òkè Ọya wá. Èyí tí ó ti ara ọ̀pẹ wá ni ẹmu. Èyí tí ó ti ara igi ògùrọ̀ wá, igi tí ó fẹ́ràn àbàtà àti etí odò, ni a ń pè ní ògùrọ̀. Ilẹ̀ àbàtà bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn ará Kòsọ́fẹ́, nítorí pé odò Ògùn ń gba ẹ̀gbẹ́ Mile 12 àti Àgbóyì kọjá lọ sí ọ̀sà. Bí ilé ṣe ń pọ̀ sí i, tí a ń kó iyanrìn dí àbàtà, ni àyè igi ògùrọ̀ ń dín kù.

Àwọn tí ó mọ ẹmu í mu kì í dá a lẹ́jọ́ lójú kan. Ohun mẹ́rin ni wọ́n ń wò. Èkíní ni igi: ṣé ọ̀pẹ ni tàbí ògùrọ̀, ṣé igi tí ó dúró ni tàbí èyí tí a gé lulẹ̀? Èkejì ni wákàtí: ẹmu àárọ̀ tí ó ti fi òru kún agbè, tàbí ẹmu ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ti pọ́n? Ẹ̀kẹta ni ọwọ́ adẹ́mu: ṣé ó fọ agbè rẹ̀ mọ́, àbí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná ni ó fi gba tòní? Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí kò burú pátápátá, nítorí pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ni ó ń mú ẹmu tuntun tètè hó. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹmu yóò kan kí ó tó dé ọjà. Ẹ̀kẹrin ni omi: ṣé ògidì ni, tàbí wọ́n ti bu omi là á? Ẹmu àbùlà kì í ru bí ògidì, ara rẹ̀ a sì fúyẹ́ lẹ́nu. Ẹni tí ó fi súgà bo àléébù náà mọ́lẹ̀ kò lè tan ahọ́n àgbà, nítorí pé adùn súgà a máa kọ́kọ́ dé, a sì máa kọ́kọ́ lọ.

Ìlànà wà fún bíbu ẹmu pẹ̀lú. Ahá ni a fi ń mu ún. Ẹni tí ó gbé ẹmu wá ni ó ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú àlejò, kí ó lè hàn pé kò sí ewu nínú rẹ̀. A sì ń ta díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí ó ti lọ. Nínú àwọn ìtàn wa nípa àwọn òrìṣà pẹ̀lú, ẹmu ni a fi ń wọn ìwà. Àwọn kan ń sọ pé nígbà tí a rán Ọbàtálá láti wá dá ilé ayé, ó mu ẹmu yó, ó sùn lọ, Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Ìdí nìyí tí ẹmu fi di èèwọ̀ fún àwọn olùsìn Ọbàtálá. Ẹmu ni ọtí Ògún. Ṣùgbọ́n ìtàn Ìrè sọ pé nígbà tí òùngbẹ gbẹ Ògún, tí ó bá agbè ófìfo, ìbínú rẹ̀ pa àwọn ènìyàn tirẹ̀, ó sì kábàámọ̀. Ẹnìkan mu àmujù, ẹnìkejì kò rí mu; àwọn méjèèjì ṣìwà hù. Ẹ̀kọ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni àwọn baba wa fi ẹmu kọ́ wa.

ARÁ FẸ́NÍSÌ KAN TỌ́ ẸMU WÒ

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ojúsàájú ọmọ Yorùbá ni èyí, ẹ jẹ́ kí a pe ẹlẹ́rìí láti ìlú wáìnì gan-an. Ní 1455, Alvise Cadamosto, oníṣòwò ará Fẹ́nísì ní ilẹ̀ Ítálì, wọ ọkọ̀ àwọn Potogí wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní agbègbè odò Sẹ̀nẹ̀gà. Ọmọ ilẹ̀ àjàrà ni. Wáìnì ni ó fi dàgbà. Nínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀, ó ròyìn bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń lu igi ọ̀pẹ, bí omi náà ṣe ń kán sínú agbè láti àárọ̀ di alẹ́, àti bí ó ṣe ń dùn gan-an lọ́jọ́ kìíní, tí adùn rẹ̀ sì ń dín kù lójoojúmọ́ títí tí yóò fi máa kan. Ó jẹ́wọ́ pé òun mu ún lọ́pọ̀ ìgbà nígbà tí òun wà lórí ilẹ̀, àti pé òun fẹ́ràn rẹ̀ ju wáìnì ilé àwọn lọ.

Ẹ̀rí yìí wúwo. Lójú ẹni tí kò ní ìdí kankan láti pọ́n wa lé, ẹmu kò kéré sí wáìnì lẹ́nu. Ṣùgbọ́n Cadamosto kò lè gbé ẹmu náà padà sí Fẹ́nísì fún àwọn ará ilé rẹ̀ láti tọ́ wò. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn.

BÍ WÁÌNÌ ṢE KỌ́ ÌDÚRÓ

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé wáìnì pẹ̀lú kò mọ bí a ṣe ń dúró nígbà náà. Inú àgbá onípákó ni a ń kó o sí. Bí a bá ti ń bù ú lára àgbá, afẹ́fẹ́ ń wọlé, wáìnì sì ń kan. Ní àwọn ọ̀rúndún tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ra wáìnì Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé, wáìnì ọdún titun ni ó lówó lórí. Bí ọkọ̀ titun bá ti gúnlẹ̀, iye ti èṣín a já wálẹ̀ bí iye tòmátò àná ní Mile 12.

Ohun tí ó yí ìtàn padà ni ìgò àti ìdérí. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná èédú tí a wà nínú ilẹ̀ yọ́ dígí, ìgò wọn sì nípọn ó sì le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Èèpo igi kọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń dé e pinpin. Láti ìgbà náà ni a ti lè fi wáìnì pamọ́ fún ọdún púpọ̀, tí a sì wá rí i pé àwọn kan nínú wọn ń dára sí i bí wọ́n ṣe ń pẹ́ nínú ìgò. Ìgbà náà ni ìtọ́wò wáìnì tó di ẹ̀kọ́ tí a lè kọ sílẹ̀, nítorí pé a lè gbé wáìnì ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ka iwájú ti èṣín, kí a fi wọ́n wé ara wọn.

Owó tẹ̀ lé e. Ní 1855, nígbà Ìpàtẹ Ńlá tí ó wáyé ní Páríìsì lábẹ́ Napoleon Kẹta, a pín àwọn wáìnì pupa pàtàkì ní Bordeaux sí ipele márùn-ún. Àwọn alágbàtà ni ó ṣe ìpín náà, iye tí wáìnì kọ̀ọ̀kan ń mú wá lọ́jà ni wọ́n sì gbé e kà. Lẹ́yìn èyí, Napoleon kan náà bẹ Louis Pasteur kí ó wádìí ohun tí ń ba wáìnì jẹ́. Pasteur tẹ àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ ní 1866: kòkòrò àìfojúrí ni ó ń ba wáìnì jẹ́, bí a bá sì fi iná díẹ̀ mú un gbóná láìjẹ́ kí ó hó, wọn yóò kú. Ìgò, ìdérí àti iná: ohun mẹ́ta wọ̀nyí ni wáìnì ní tí ẹmu kò ní.

ỌTÍ INÚ ÌGÒ DÉ ILẸ̀ WA

Ọtí tí ó lè dúró ni ó lè rìn. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọjọ́ 6 oṣù Ògún 1861, ọtí líle láti Họ́láàńdì àti Jámánì ti wà nínú òwò etíkun. Jíìnì inú ìgò onígun mẹ́rin kì í kan, kì í bàjẹ́, iye ìgò inú àpótí rẹ̀ kì í yí padà. Nítorí náà ni ó fi di owó níbòmíràn, tí a ń fi í san gbèsè tí a sì ń kó o jọ bí ọrọ̀. Ìjọba pẹ̀lú fi í jẹun. Ní àwọn ọdún tí ó ṣáájú ogun 1914, owó ibodè tí a ń gbà lórí ọtí ju ìlàjì gbogbo owó ibodè Gúúsù Nàìjíríà lọ.

Àwọn kan pariwo. Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell ti ìjọ Áńgílíkà wà lára àwọn tí ó gbógun ti òwò náà, ariwo náà sì mú kí ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1909. Àdéhùn Brussels ti 1890 ti kọ́kọ́ fi ààlà sí òwò ọtí líle ní Áfíríkà. Àdéhùn Saint-Germain-en-Laye, ti ọjọ́ 10 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 1919, wá ka ọtí òwò olówó pọ́ọ́kú léèwọ̀, ó sì ka sísè ọtí líle pẹ̀lú léèwọ̀.

Kí ni àwọn ènìyàn wa ṣe? Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí owó wọ́n tí òwò sì dorí kodò, sísè ògógóró tàn kálẹ̀ ní Gúúsù Nàìjíríà láìfi òfin pè. Ẹmu tí ó ti pọ́n dáadáa ni a ń sè nínú àgbá, tí a ń darí oru rẹ̀ gba inú ọ̀pá tí omi tútù ń tù, tí oru náà sì ń di ọtí. Bí a bá wò ó dáadáa, ògógóró ni ìgbìyànjú ẹmu láti kọ́ ìdúró. Ó dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun gbogbo tí ahọ́n àgbà ń wá nínú ẹmu, igi, wákàtí, ọwọ́ adẹ́mu, iná ti gbé e lọ.

Ìgò gba ipò mìíràn pẹ̀lú. Ní ibi ìdána, ibi ríra ilẹ̀ àti ibi ìwúyè, ọtí òyìnbó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ agbè ẹmu, níbòmíràn ó sì lé e kúrò. Bíà náà dé: ní 1949 ni ìgò Star àkọ́kọ́ jáde láti ilé iṣẹ́ ọtí ní Ìgànmú. Kò sí ẹni tí ó jókòó pé ká tọ́ ẹmu àti jíìnì wò ká sì yan èyí tí ó dùn jù. A yan èyí tí a lè rí nígbàkígbà tí a bá fẹ́ ẹ.

ẸMU WỌ INÚ ÌGÒ

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wa kò fọwọ́ lẹ́rán. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olumbe Bassir àti S. I. Faparusi wà lára àwọn tí ó wádìí ẹmu ní àwọn ọdún 1960 àti 1970. Ohun tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ fi hàn rọrùn láti ṣàlàyé. Omi ọ̀pẹ jẹ́ omi adùn; adùn inú rẹ̀ tó ìwọ̀n 10 sí 12 nínú 100. Ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ àti inú agbè a bọ́ sí i, a sì sọ adùn di agbára ọtí àti ìhó. Kòkòrò àìfojúrí mìíràn a tẹ̀ lé e, a sì sọ agbára ọtí náà di kíkan. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ó ti parí. Agbára ọtí inú ẹmu kò sábà tó ìdajì ti wáìnì, tí ó wà ní nǹkan bí 11 sí 14 nínú 100. Nítorí náà, ẹmu kò ní ohun tí yóò fi lé àwọn kòkòrò náà.

Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ti ìjọba àpapọ̀ ní Òṣòdì, tí a dá sílẹ̀ ní 1956, tí kò sì jìnnà sí Kétu, àti ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ tí ó wà nítòsí Ìlú Bìní, tí a dá sílẹ̀ ní 1939, gbé ọ̀nà Pasteur lé ẹmu lórí: a sẹ́ ẹ, a rọ ọ́ sínú ìgò, a fi iná díẹ̀ mú un gbóná, a dé e pa. Ẹmu inú ìgò a máa lo oṣù púpọ̀ láìkan. Iṣẹ́ ńlá ni èyí, a kò sì gbọdọ̀ fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ fún àgbà tí ó mọ ẹmu ní ìgò náà. Yóò ní ó dùn, ṣùgbọ́n kò "yè" mọ́. Òótọ́ ni ó sọ, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sì gbè é: ìwúkàrà inú rẹ̀ ti kú. Ẹmu tútù ń yí padà nínú ahá bí a ṣe ń mu ún lọ. Adùn rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjókòó kọ́ ni adùn rẹ̀ ní ìparí. Bí wáìnì ṣe ń fi ọdún púpọ̀ sọ ìtàn ayé rẹ̀, ẹmu ń sọ tirẹ̀ láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo.

ÌDÁNWÒ PÁRÍÌSÌ

Ẹlòmíràn lè béèrè pé, ṣé ahọ́n kò wá ní àṣẹ kankan ni? Ó ní in, bí a bá bo ojú rẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Èbìbí 1976, Steven Spurrier, Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ta wáìnì ní Páríìsì, pe àwọn onídàájọ́ Faransé mẹ́sàn-án jọ. Ó rọ wáìnì Faransé àti ti California ní Amẹ́ríkà síwájú wọn láìjẹ́ kí wọ́n mọ èyí tí ó jẹ́ tàbí-ṣùgbọ́n. Nígbà tí a ṣírò máàkì, wáìnì California ni ó gba ipò kìíní, láàárín àwọn funfun àti láàárín àwọn pupa. Ohun tí ojú kò bá rí, ahọ́n kì í ṣe ojúsàájú sí i.

Àwọn tí ó ka Bíbélì Yorùbá, tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther kó ipa ńlá nínú ìtumọ̀ rẹ̀, ti mọ irú ìtàn yìí tẹ́lẹ̀. Níbi ìgbéyàwó Kánà, olórí àsè tọ́ ọtí wáìnì wò láìmọ ibi tí ó ti wá, ìdí nìyí tí ìdájọ́ rẹ̀ fi ní iyì. Nínú Bíbélì yìí kan náà ni a ti ya *ọtí wáìnì* sọ́tọ̀ kúrò lára *ọtí kíkan*, tí a sì lo *ìwúkàrà* fún ohun tí ń mú ìyẹ̀fun wú. Àwọn atúmọ̀ èdè náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ìmọ̀ yìí lọ́wọ́ àlejò. Inú àṣà àwọn tí ó ń pọn ọtí, tí ó sì ń mọ̀ ọ́n nígbà tí ó bá kan, ni wọ́n ti bù ú.

ÌKÁDÌÍ

Kí ni gbogbo èyí já mọ́ fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́? Ní 1952 ni Amos Tutuola gbé *The Palm-Wine Drinkard* jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1963 ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé e sórí ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó sì di eré Yorùbá tí gbogbo wa mọ̀ sí *Lánkẹ́ Ọ̀mùtí*. Nínú ìtàn náà, bàbá ọ̀mùtí fún un ní oko tí ó ní ọ̀pẹ 560,000, adẹ́mu rẹ̀ sì ń dá agbè 150 wá fún un láràárọ̀. Nígbà tí adẹ́mu yìí já láti orí ọ̀pẹ tí ó sì kú, ọ̀mùtí kò rí ẹlòmíràn tí ó mọ iṣẹ́ náà bí tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi lọ wá a dé Ìlú Àwọn Òkú. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ nínú ìdánwò pé ọ̀mùtí ń wá ọtí. Èyí kò tó. Ọ̀pẹ ṣì wà lóko; ọtí kọ́ ni ó pàdánù. Ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ ni ó pàdánù, ìyẹn ni a kò sì lè rà lọ́jà.

Irú àdánù bẹ́ẹ̀ ń kàn wá lónìí. Bí adẹ́mu ṣe ń darúgbó tí ọmọ rẹ̀ sì ń wá iṣẹ́ mìíràn ní ìlú ńlá, igbà, agbè, ahá àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ń di ọ̀rọ̀ inú ìwé atúmọ̀ nìkan. Ẹni tí kò bá mọ bí ẹmu àárọ̀ ṣe yàtọ̀ sí ti ìrọ̀lẹ́ kò lè lóye òwe tí a pa lé e lórí. A kò sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ mu ọtí; èdè wa ti kọ́ wa pé títọ́wò yàtọ̀ sí mímu. Ohun tí a ń béèrè ni kí olùkọ́ pe adẹ́mu kan wá sí kíláàsì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, pẹ̀lú igbà àti agbè rẹ̀, kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ kàn án, kí wọ́n gbọ́ òórùn agbè, kí wọ́n sì kọ orúkọ ohun gbogbo sílẹ̀ láti ẹnu rẹ̀.

Àwọn oníṣòwò Mile 12 mọ òfin ọjà wọn: ohun tí kì í dúró, ẹni tí ó bá tètè jí ni ó ń rí i rà. Wáìnì ti rí ìgò tí yóò gbà á là. Ẹmu kò ní ìgò tí ó lè gba gbogbo rẹ̀. Inú ènìyàn ni a tọ́jú ọgbọ́n rẹ̀ sí, ènìyàn pẹ̀lú kì í sì dúró títí. Kí a tètè jí.